Ṣíríkándì Ọ̀gá Olè

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Karùn-ún
Ọwọ́ tún tẹ Ọ̀gá Olè lónìí. Bàbá àgbà mi ni – Àjóbà – ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, orúkọ iṣẹ́ wọn ni mò ń pè wọ́n. Odindi máńgòrò lábẹ́ ìrọ̀rí! Igbe tí Ààyì, ìyá mi, ké, mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ dé Mumbai. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ìtọ̀ ṣúgà pa yín mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Ọ̀gá Olè ní ẹlòmíì ló gbé e síbẹ̀. Wọ́n wá ṣẹ́jú sí mi. Èmi ni ẹlòmíì. Ọlọ́pàá làwa méjèèjì ń pe Ààyì.

Ọjọ́rú, 4
Ọ̀gá Olè ò jẹun. Ṣíríkándì, wàrà dídì aládùn yẹn, ṣáá ni wọ́n ń bèèrè. Wọn kì í fi búrẹ́dì dídín jẹ ẹ́ bíi ti gbogbo ọmọ èèyàn, máńgòrò tútù ni wọ́n fi ń bù ú lá. Ọlọ́pàá ní láéláé.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Dókítà wá sílé. Ó ní ká máa fún wọn ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n báyìí.
Mo fò sókè. "Àjóbà, a ti borí o!" Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín. Ààyì kọjú sí ògiri, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Òmùgọ̀ ni mí. Òmùgọ̀ tó tóbi ju gbogbo Maharashtra lọ.
Ààyì fúnra wọn ló da wàrà dídì sínú aṣọ funfun, wọ́n so ó kọ́ sórí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Tó – tó – tó. Mo bi wọ́n pé báwo ni ṣúgà ṣe máa pọ̀ tó. Wọ́n ní, "Bó ṣe yẹ kó dùn."

Àbámẹ́ta, 7
Omi ara ẹ̀ ti ro tán, ó ki bíi bọ́tà. A po ṣúgà mọ́ ọn. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ gba inú asẹ́ kọjá títí apá mi fi fẹ́ já bọ́. Ààyì rẹ késárì, òdòdó pupa yẹn, sínú mílíìkì gbígbóná, wọ́n dà á sí i – àwọ̀ ẹ̀ di ti oòrùn ìrọ̀lẹ́. Mo gé máńgòrò pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.
Ọ̀gá Olè tọ́ ọ wò. Wọ́n dijú. "Ta ló ṣe é?"
Mo ní Ààyì ni.
"Háà! Ọlọ́pàá ti di agbódegbà!"
Ààyì rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún lọ́wọ́ kan náà. Àjóbà bu òmíràn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fi í sí Ààyì lẹ́nu.
Ẹ̀là máńgòrò méjì péré ni wọ́n jẹ.

Àìkú, 8
Àjóbà ti lọ. Ní àárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Etí odò, ètùtù ọjọ́ kẹwàá Àjóbà. Ìrẹsì róbótó lórí ewé. Kannakánná ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Bí òkú bá ṣì ń fẹ́ nǹkan, ẹyẹ ò ní wá, ẹbí á máa bẹ̀bẹ̀, wọ́n á máa ṣèlérí. Ti ìyá ìyá mi, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú mọ́ wa lórí. Nítorí náà mo ti to ìlérí tèmi jọ: n ó kàwé, n ó yé purọ́, n ó máa tọ́jú Ààyì – igba ìlérí, ó kéré tán.
Bàbá mi ò tíì sún sẹ́yìn tí kannakánná fi balẹ̀. Ó jẹ ẹ́ wàràwàrà.
"Ẹ wò ó bó ṣe yá! Kò sí ohun tó kù wọ́n kù." Gbogbo wọn ń dúpẹ́. Ààyì gbá mi mọ́ra.
Èmi fẹ́ kó pẹ́. Mo fẹ́ kí Àjóbà ṣì máa wá nǹkan kan lọ́wọ́ mi.
Wọn ò jẹ́ kí n ṣe ẹyọ ìlérí kan.