Fọ̀rẹ́fà Lórí Sàréè Yín

Yèyé mi àtàtà,

Èmi ọmọ yín ni o. Bọ́lá, àbíkẹ́yìn mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìsarà, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé ẹ ò rán mi nílé ìwé. Mi ò bínú.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó rẹ́ sìmẹ́ńtì sí sàréè yín lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí. Àbúrò mi ti Èkó ránṣẹ́ pé kí birikilà kọ òyìnbó sí i kó tó gbẹ, pé ẹ wà lọ́kàn wa fọ̀rẹ́fà. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Bọ́lá ní àkókò tí kò lópin ni. Wọ́n ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run, wọ́n ń sọ ọ́ fún ìyàwó. Àní nígbà tí bẹntiróòlù wọ́n yìí, tí mọ́tò pẹ́ dé Ìperu, wọ́n ní fọ̀rẹ́fà làwọn fi dúró!

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ orí mi wú. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wá ibi tó parí sí. Mo rò ó kọjá èmi, kọjá ọmọ Bọ́lá, kọjá ìgbà tí igi obì wa á ti wó, tí òmíràn á hù, tí ìyẹn náà á wó. Mi ò rí etí ẹ̀. Ta ló láyà láti fi ẹnu sọ irú ẹ̀, Yèyé?

Ẹ̀rù wá bà mí. Ẹ ò ní fọ́tò kankan. Ọmọ ọwọ́ ni àbúrò mi nígbà tí ẹ lọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ ojú yín. Tí mo bá lọ, ọkàn ta lẹ máa wà?

“Màmá, sìmẹ́ńtì ń gbẹ o!” ni birikilà ké.

“Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni? Ìyá tó bí mi ni mò ń rò, dúró!”

Ni mo rántí agbọ̀n obì tí ẹ ń tà lọ́jà Sábó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń tú u, ẹ á ṣa èyí tí kòkòrò jẹ, ẹ á fi ewé tútù pààrọ̀ ewé tó gbẹ. Obì èṣín á ṣì máa dán. Ọwọ́ yín ló ń gbé e dé ọdún kejì.

Mo ní kí birikilà kọ fọ̀rẹ́fà ọ̀hún.

Mo wá pe Bọ́lá, kóun náà lè mọ̀ yín. Mo sọ bí ẹ ṣe ń fàtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, tí èjìká òsì yín á máa gbọ̀n, mo ní kó ṣe é kí n rí i. Ó kọ́kọ́ ṣe é bí ewúrẹ́. Ó ní kí n yọ ewúrẹ́ kúrò nínú lẹ́tà yìí, mo ní kó kọ ọ́. Mo ní kó tún ẹ̀rín náà rín.

Yèyé, èjìká òsì yẹn gbọ̀n. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ pọ̀n lọ sí Sábó.