Pépà Tó Bá Kọfí Wá

Ràhmát, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní Lẹ́kkí? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká wá ara wa tì, àmín. Àwa náà ń bẹ, àwọ̀n bàbá rẹ ń mú ẹja díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àyà mi ń já. Mi ò lè pè ọ́ torí fóònù tó o rà fún mi ń pariwo ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ, bàbá rẹ á gbọ́ ọ láti etí omi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ọ̀rọ̀ kọfí tó o fi rán Habeeb onímọ́tò sí wa ni. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò àgbo, mo sè é. Tílẹ̀ bá ti mọ́, màá bu omi kún un, màá tún gbé e kaná, bá a ṣe ń ṣe àgbo ibà, títí ó fi dúdú kirikiri. Ife méjì ni bàbá rẹ ń mu láràárọ̀, tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀.

Àfi bí Nọ́ọ̀sì Tolúwani ṣe yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní ọ̀rá inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń mu. Mo ṣàlàyé. Ó káwọ́ lérí! Ó ní kọfí ní epo tiẹ̀, pé tá a bá ń sè é ṣáá tá ò sẹ́ ẹ, epo yẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ṣe ọkàn ní jàǹbá. Mo fi ṣíbí wá epo náà lójú ìkòkò títí, mi ò rí ẹ̀kán kan. Epo tójú ò rí, yéè! Bẹ́ẹ̀ àyà ló mú bàbá tó bí bàbá rẹ lọ, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti bá wọn.

Nọ́ọ̀sì ní pépà kan ló máa ń gba epo náà dúró, pépà funfun, róbótó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣé kò bá kọfí wá ni? Mo ní kò bá a wá. Mo tiẹ̀ búra.

Ràhmát, dúró ná. Yíǹkì ń tàn ká lórí pépà tí mo ń kọ̀wé sí yìí. Ó róbótó. Mo ṣebí pépà ìkọ̀wé lo fi ránṣẹ́ ni! Mo ti fi kọ̀wé sí ìmáàmù, mo fi kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àdúà, ó wá ku mẹ́ta péré.

Jọ̀ọ́, tètè fi òmíràn ránṣẹ́, kówó díẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, wàá bí, wàá tọ́. Àdúà ṣì kún ẹnu mi, àmọ́ mi ò ní fa òmíràn yọ, ti bàbá rẹ làwọn tó kù.

Tó o bá ti ka èyí tán, fi rán Habeeb padà. Màá fọ yíǹkì rẹ̀ kúrò.

Èmi ìyá rẹ,
Sàdíátù