Oògùn Tí Ẹ Lò Sí Orí Fífọ́

Bàbá Raliat, ẹ kú orí fífọ́. Ẹ ní oògùn orí inú agolo ò ṣiṣẹ́, ẹ sì ti gbé e mì tán. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mi nìyẹn o! Torí kí Ìyá yín má baà rí i ni mo ṣe kó o síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ òun gan-an ló ń fa orí túúlu tó ń bá mi jà, ẹ wá ń fi wo túúlu tiyín! Mo ti wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì náà, kó fún mi ní òmíràn. Tí Ìyá bá bèèrè mi, ẹ ní mo lọ ra aṣọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin ò kúkú lè lóyún. Èmi ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lóṣù yìí.