Àtàǹpàkò Ìyá Rẹ Ló Ń Ṣí Fóònù Mi

Abúlé Ìdí-Àgbọn,
Oṣù Keje, 2017.

Rekiat ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n pọ ohun tó ti há mi lọ́fun láti ìgbà Ààwẹ̀: ìyá rẹ ti mọ̀ nípa Ovie tí o fẹ́ fẹ́. O ní kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ, mo sì gbà, àmọ́ ó ti mọ̀. Má tíì bínú, kà á dé ìsàlẹ̀.

Amukoko ńkọ́? Ṣé omi òjò ti fà lójúlé yín? Ṣé ọ̀gá yín ní Wharf Road kò ni yín lára jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àwọn tírélà yẹn mọ̀ ọ́, wàá máa rìn láàárín wọn bí ẹni ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Ara wa le. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn ìwé jíjẹ, mo sá fún un wá kọ èyí lẹ́yìn ilé.

Fóònù tí o fún mi ní Iléyá èṣí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O ní àwọn kan máa ń fetí kọ́ fóònù ẹlòmíràn, pé o ti to àwọn áàpù tí kì í ṣòfófó sínú tèmi. Ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ lẹ́yìn tí o lọ, fóònù náà ní kí n tẹ àtàǹpàkò kí òun lè máa dá mi mọ̀. Rekiat, mo ka ìwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, n kò tẹ̀ka sí nǹkan kan rí láyé mi, ẹni tí kò lè sáìnì ló ń tẹ̀ka. Mo wá ibi tí mo lè sáìnì sí lórí gíláàsì yẹn, n kò rí i. Ni mo bá pe ìyá rẹ, ó sì tẹ tirẹ̀. Nọ́ńbà tó tún lè ṣí i tí o ní kí n há sórí, mo ti gbàgbé. Tí ìyá rẹ bá lọ ọjà, èmi àti fóònù á kàn máa wo ara wa ni.

Máàpù yẹn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí o ní kì í sọ ibi tí èèyàn ń wò fún ẹnikẹ́ni. Tí ìyá rẹ bá ṣí i fún mi nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi ìka rìn láti Boundary dé Apapa, títí dé ibi tí ilẹ̀ ti tán tí omi bẹ̀rẹ̀, búlúù lọ súà. Tí mo bá fi ìka padà sílé, kò sí Ìdí-Àgbọn níbẹ̀, funfun lásán ni, àti tóótó búlúù kan láàárín, èmi nìyẹn. Mo máa ń pẹ́ níbẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ṣé ẹni tó wà nínú funfun báyìí lè mọ ọkọ tó yẹ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ohùn rẹ tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ wá dé lóṣù Ààwẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ ló ṣí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lé e? Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, pé ọmọ Ùròbò ni, pé ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé o kò ní fi í sílẹ̀. Mò ń retí ariwo. Ó dìde, ó lọ rẹ ẹ̀wà.

Nígbà tó yá ló wá bá mi: “Bàbá Rekiat, ẹ jẹ́ n tún gbọ́ ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ wa yẹn.”

Èmi ò gbọ́ ẹ̀rín kankan. A ṣí i, áàpù ti gbé ohùn rẹ mì, bí o ṣe ní yóò máa ṣe. Ìyá rẹ yí fóònù náà po, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ẹni tó lè rẹ́rìn-ín báyẹn nígbà tí àyà ń já ọmọ òun, bí kò bá jẹ́ òmùgọ̀, á jẹ́ ẹni tí èèyàn lè fara tì, òun fẹ́ gbọ́ ọ kí òun mọ èwo ni. Láti ìgbà náà, á kàn dẹ etí lórí ẹní bíi pé ó ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Mo ní màá ní kí o fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè bèèrè.

Mọ́rúfù tó ń kó gaàrí lọ Boundary ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ lónìí. Ẹnìkejì rẹ̀ ló máa gbé àwa náà wá lọ́la, kí ìyá rẹ lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín Ovie, ọwọ́ rẹ ni yóò ti gba owó ọkọ̀, jọ̀wọ́ wá a sílẹ̀, kí o fi ti káàdì fóònù mi kún un. Má kọ́ Ovie ní ohun tó máa sọ. Ọlọ́run á fi ẹni tí ọkàn rẹ lè sinmi lé ṣe ọkọ fún ọ, ojú kò ní tì ọ́ níwájú àwa òbí rẹ.

Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, n óò gbé àpò ìyá rẹ dé ibùdókọ̀, n óò jókòó tì í títí dé Èkó, n óò sì jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèkànmí.