Ibi Tí Wọ́n Tẹ́ Ayọ̀fẹ́ Sí

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì, 2025

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní bánkì lónìí. Gbogbo wọn ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé ilẹ̀ ń yọ̀. Mo ní kí wọ́n kó fáìlì wá.

Ìwé yìí kì í ṣe fún ẹkún. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó ní gbèdéke. Ó dáa. Ayọ̀fẹ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ oṣù márùn-ún, kú ní 9 Oṣù Kìíní. Ibà ọjọ́ méjì péré. Àwọn àgbà ìjọ gbà á lọ́wọ́ mi ní ọsibítù, wọ́n sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èmi àti bàbá rẹ̀ ò tẹ̀lé wọn — òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, òbí kì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àṣà ni. Mi ò jiyàn lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ oorun wà lára mi.

Mo fẹ́ jiyàn báyìí. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọmọ mi wà. Gbèdéke: ìparí oṣù yìí.

Ọjọ́rú, 12

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Èèyàn mẹ́ta lónìí. Ta ló sọ fún wọn pé agbè ò fọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo lọ bá Bàbá Gbádéyan nílé wọn ní Gagi, àdúgbò kan nílùú Hausa tá à ń gbé yìí. Olórí àwọn àgbà ìjọ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Àwọn ló ṣáájú ìsìnkú náà. Mi ò tíì fẹnu kan omi tí wọ́n gbé fún mi tí mo ti bèèrè.

Wọ́n ní, "Àtinúkẹ́, ìwọ ọmọ yìí, o ò tiẹ̀ kí èèyàn tán."

Mo ní ẹ má bínú sà, níbo ni?

Wọ́n ní ojú òbí ò gbọdọ̀ rí i. Pé ẹni tó bá rí i, ọkàn rẹ̀ á máa gbé ibẹ̀. Mo ní níbi iṣẹ́ tèmi, a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni ká má sọ ibi tá a gbé e sí fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé bánkì ni ikú náà?"

Mo sọ fún Adákẹ́ nígbà tí mo délé. Ọkọ mi ni, Ọláfẹ́mi. Adákẹ́ ni orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí. Kò tíì dárúkọ ọmọ náà látọjọ́ tá a ti ti ọsibítù dé. Ó ní, "Fi bàbá sílẹ̀." Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ní òun ń lọ fọ mọ́tò. Mọ́tò tó fọ̀ ní Sátidé tó kọjá. Òkúta ni mo fi ṣe ọkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Wọn ò pè mí ní Màmá Ayọ̀fẹ́ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti padà di Sístà Àtinúkẹ́. Wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe mí.

Hadiza nìkan, aládùúgbò wa ní Runjin Sambo, ló ṣì ń ké kí mi káàárọ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Maman Ayo, ina kwana!" Láàárọ̀ yìí mo dúró. Mo jágbe mọ́ ọn — kí ló dé tí kò lè jẹ́ kí n gbàgbé?

Ó wò mí. "Haba! Ṣé o fẹ́ gbàgbé ni?"

Hausa mi ń tiro, àmọ́ mo gbọ́ ìyókù. Ọmọ méjì ló ti kú fún òun náà. Nínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí tiwọn, obìnrin kì í bá òkú dé itẹ́. Ó ní lẹ́ẹ̀mejèèjì, nígbà tí bàbá wọn ti ibi ìsìnkú dé, òun ò bi í níbo. Òun bi í pé ta ló gbé e wọlẹ̀, ṣé onítọ̀hún rọra? Ọkùnrin náà jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ohun tí òun ní nìyẹn.

Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Láti ọdún mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò lè jókòó sẹ́yìn àwọn àgbà ìjọ kí n máa kọrin.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Gbèdéke pé. Mo wọ kèké lọ sí itẹ́ òkú àwọn Kristẹni. Oòrùn bí iná. Sàréè kéékèèké wà lápá ibi ògiri — òkìtì iyanrìn lásán, kò sórúkọ. Mo kà á dé mọ́kànlélógún, mo jáwọ́.

Tanko tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Ó wá ní, "Ṣé ilé kan náà ni ìwọ àti ọkùnrin tó ń wa mọ́tò Corolla yẹn ti wá?"

Ọkùnrin wo?

Yorùbá ni, ó ní. Ó ga. Ó máa ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Gbogbo Sátidé ló ń wá, ìbéèrè kan náà ló ń béèrè. Lẹ́yìn náà á jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, á sunkún, á fomi bọ́jú, á lọ.

Mọ́tò tó ń fọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Nígbà tó fi mú kọ́kọ́rọ́, mo ti jókòó sínú mọ́tò. Ó wò mí, ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. A ò kúrò lójú ilé. Ó ní òun ti lọ bá Bàbá Gbádéyan ṣáájú mi, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó rò pé bí mo bá rí omijé òun, èmi náà á wó. Mo ní mo ti rò pé kò dùn ún rárá. Ọ̀rọ̀ burúkú. Mo ti sọ ọ́, kò ṣeé kó padà.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o rò bẹ́ẹ̀."

Ó wá dárúkọ ọmọ wa. Ẹ̀ẹ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú, 9

A jọ lọ sí Gagi lẹ́yìn ìsìn. Bàbá Gbádéyan rí àwa méjèèjì, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ tún dé."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, a ò bi yín níbo mọ́. Ẹ sọ bó ṣe lọ fún wa. Ta ló gbé e?"

Wọ́n gbé ọwọ́ lé itan wọn.

"Èmi ni mo gbé e. Orí itan mi níbí. Wọ́n ní kí n gbé e sí búùtù, mo ní ọmọ kì í ṣe ẹrù."

Wọ́n ní ní ẹ̀bá Kasuwar Kara, ọjà ẹran, màlúù dí ọ̀nà. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi bò ó lójú. Wọ́n mọ̀ pé oòrùn ò lè ṣe é ní nǹkan mọ́. Wọ́n ṣáà fi bò ó. "Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá ẹ fẹ́ wá, bàbá ẹ fẹ́ wá, àwa la ò gbà fún wọn. Má bínú sí wọn."

Ọkọ mi sunkún bí ọmọdé. Kò wá omi láti fi bọ́jú.

Bàbá Gbádéyan nu ojú tiwọn. Wọ́n na ọwọ́ mú ọ̀pá wọn, wọ́n dìde. "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ. Màá fi hàn yín."

Oṣù kan gbáko ni mo fi lépa gbólóhùn yẹn. Ẹsẹ̀ mi ò gbéra.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ tún un sọ. Láti ọsibítù."