Tìróò Màámi

Yaba, Ọjọ́bọ̀, 14 October 1954

Mo yẹ tìróò Màámi wò lónìí, ní yàrá kẹ́mísìrì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo sè é nínú ásíìdì líle, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ gba gbogbo ibẹ̀. Ká ní áńtímónì ni, bí ìwé ṣe pe tìróò, bí mo ṣe dà á sómi ni ì bá funfun bí wàrà. Bí mo bá sì tún bu ásíìdì sí i, ì bá mọ́ padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tutù, nǹkan funfun bí abẹ́rẹ́ rọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Òjé ni, májèlé tó máa ń fa gìrì fún ọmọdé. Òjé ni Màámi ń lé sójú ọmọ mi láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ.

Mo bá a nílé, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń lé tìróò fún un lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e mọ́."

"Kí ló dé? Ta ni mi ò lé e fún nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Èmi àti Kẹ́hìndé, ìkejì mi, tí gìrì pa kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Títí dòní ni Màámi ń béèrè ohun tó pa ọmọ òun.

Mo parọ́ pé ojú ọmọ ló ń pọ́n. Ó ní kò burú, òun á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Àìkú.