Àyè Kan Ṣófo Nínú Kọ̀ǹpútà Dàdí

Dàdí mi, ọkọ màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́mì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yín padà ní Ìdí-Àràbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ẹ máa ń bá tẹ iṣẹ́ ti ń wá. Láti ìgbà tí ẹ ti papò dà, n kò rí i kí Mọ́mì yára wọ bàtà láàárọ̀ báyìí rí.

Láptọ́ọ̀pù yín nìkan ni wàhálà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá tàn án, ẹ ó po tíì, ẹ ó mu ún tán, ẹ ó tún fọ kọ́ọ̀pù kó tó ṣí, ẹ ó sì máa kun orin. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí! Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò ní sùúrù yín. Lọ́jọ́rú, àwọn méjì bínú lọ. Mọ́mì dé ilé, wọn kò jẹun, ẹ̀rù sì bà mí pé wọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Ni mo bá ṣí ojú dúdú orí láptọ́ọ̀pù yẹn, níbi tí kò ti sí àwòrán kankan, àfi kéèyàn máa tẹ ọ̀rọ̀ sí i. Mo tẹ àṣẹ tó ń jẹ́ dmidecode, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun inú ara rẹ̀ fún mi, láìtú nọ́ọ̀tì kan. Àyè méjì ló ní fún RAM, èyí tó ń jẹ́ kó yára. RAM wà nínú ọ̀kan. Èkejì ṣófo.

Ta ló yọ RAM ibẹ̀? Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sórí láptọ́ọ̀pù tèmi, kí n lè fi wé e. Tèmi ní méjì. Ọ̀kan ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Èkejì, irú tiyín gan-an ni, nọ́ńbà ara rẹ̀ ló tẹ̀lé tiyín gẹ́lẹ́.

Mo wá rántí Sátidé kan, nígbà tí mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Ẹ gba láptọ́ọ̀pù mi pé ẹ fẹ́ gbọn eruku inú rẹ̀. Nígbà tó padà dé, eré ló ń sá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo bú eruku, ẹ̀yin sì ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ẹ kò sọ, Dàdí? Gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo fi yín ṣe lẹ́yìn náà ńkọ́? Ojú tì mí, mo sunkún díẹ̀, ẹ̀rín sì gba ẹnu mi, torí ọgbọ́n yín ju tèmi lọ.

Mo ti dá RAM náà padà sáyè rẹ̀ nínú tiyín. Láàárọ̀ yìí, Mọ́mì tan láptọ́ọ̀pù, wọ́n ń wá kọ́ọ̀pù tíì, ó ti ṣí. Wọ́n pariwo: “Ah-ah! Ta ló ṣe é? Àbí Dàdí ẹ ti dé ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Tèmi ló wá ń falẹ̀ báyìí. Báírò ni mo fi ń kọ èyí, torí kò tíì ṣí. Mo ti po tíì, mo ti mu ún tán. Ẹ jẹ́ kí n lọ fọ kọ́ọ̀pù.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti ń kun orin yín.